Bútà Wúrà Alhaji Jàmíù

Ní àkókò kan tí kò tíì jìnnà, kò sí ẹni tó lè rí Alhaji Jàmíù Àkàndé nínú ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ọ̀fà kí ó má kọ́kọ́ kí bútà. Mo ní bútà, ẹ kò ṣì mí gbọ́. Bútà tí a fi ń ṣe àlùwàlá ni mò ń wí, èyí tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wa láti ojú réluwéè títí dé ọjà Òwódé, tí ọmọdé ń ta nípàá, tí ewúrẹ́ ń yọjú sí, tí kò sì bínú sí ẹnì kankan. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ti àwa yòókù, oníke ni. Ti Alhaji Jàmíù, wúrà ni. Tàbí kí n sọ ọ́ bó ṣe yẹ: ẹni tó tà á fún un ní Dùbáì ló ní wúrà ni, Alhaji kì í sì í bá ohun tó bá ń dán jiyàn.

Ọ̀gá pátápátá ni Alhaji ní Àjọ Ohun Iyebíye Ìlú. Ẹ má bi mí pé kí ni Àjọ náà ń ṣe. Mo ti bi àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ rí, wọ́n ní kí n padà wá lọ́la. Ohun tí wọ́n kọ sára pátákó ẹnu ọ̀nà wọn ni pé àwọn ń tọ́jú ohun tó níye lórí nílùú. Nígbà tí Alhaji Jàmíù kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ohun iyebíye kankan àfi ara rẹ̀. Ìgbà tó ti Dùbáì dé ni wọ́n di méjì.

Ó gbé bútà náà sórí tábìlì, ó tẹ́ àrán sábẹ́ rẹ̀, ó fi gíláàsì bò ó. Fáànù méjì ló ń fẹ́ ẹ, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Àwọn akọ̀wé tó wà ní yàrá kejì ń fi fáìlì fẹ́ ara wọn. Bí àlejò bá wọlé, á bọ́ bàtà, á kọjú sí bútà, á ní, "Ẹ kú ìkàlẹ̀ o." Abdulwasiu, akọ̀wé àgbà, á dáhùn lórúkọ bútà pé, "Wọ́n ní ẹ káàbọ̀." Lẹ́yìn ìyẹn ni àlejò tó lè kí Alhaji. Bàbá kan wá láti Òjòkú nítorí igi àtijọ́ kan tí wọ́n fẹ́ gé ní abúlé wọn. Ó kí bútà, ó kí Alhaji, ó kí bútà lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó má baà ṣẹ̀, ló bá gbàgbé ohun tó bá wá. Wọ́n ti gé igi náà báyìí.

Iṣẹ́ kejì tí Abdulwasiu ń ṣe ni kí ó máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Alhaji, kí ó tún un sọ. Kò sí nínú ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí nìkan ló gbé e dé ipò tó wà. Ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè, Alhaji á kó òṣìṣẹ́ jọ sí àgbàlá.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," á ní, "lónìí tí í ṣe òní, tí kì í ṣe àná, tí kò sì tíì di ọ̀la..."

"Kò tíì dọ̀la!" ni Abdulwasiu á wí.

"...mo dìde dúró níwájú yín, mi ò jókòó..."

"Wọn ò jókòó!"

"...láti sọ fún yín pé ìlú tí kò bá ní bútà wúrà, ojú ọ̀run lásán ló ń wò. Wọ́n ń pariwo omi, wọ́n ń pariwo ọ̀nà. Ṣé omi ni wọn ó fi han àlejò? Bí àlejò bá dé, kí la ó fi hàn án?"

"Bútà!"

"Ta ló sì ni bútà?"

Níbí yìí gbogbo òṣìṣẹ́ á pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ náà kò gbọdọ̀ kéré sí ìṣẹ́jú méjì, nítorí Abdulwasiu máa ń wo aago.

Ní ọ̀kan nínú irú ọjọ́ Mọ́ńdè bẹ́ẹ̀ ni Alhaji kéde pé ọ́fíìsì kò gba bútà mọ́, pé ó yẹ kí bútà ní ààfin tirẹ̀. Ó ní òun ti rí ibi tó yẹ. Ibi tó rí náà ni yàrá ìwé Tíṣà Àdìkẹ́.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ sọ ti yàrá yìí, nítorí òun gan-an ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, kì í ṣe bútà. Akọ̀wé réluwéè ni ọkọ Tíṣà Àdìkẹ́, kí Ọlọ́run forí jì í. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń kó àwọn ìwé tí èrò bá gbàgbé sínú ọkọ̀ ojú irin jọ. Bí ó bá ti rí ọ̀kan, á kọ déètì sí ẹ̀yìn rẹ̀, á kọ nọ́ńbà ìjókòó tó ti rí i, á wá gbé e pamọ́ de ẹni tó ni ín. Wọn kì í padà wá. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ìwé ọ̀hún ti tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ìlú sì fún un ní yàrá ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin kí ó kó wọn sí, kí ẹni tó bá fẹ́ máa wá kà. Ó kú, ìyàwó rẹ̀ ń bá a ṣọ́ ọ. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ ó bá àwọn ọmọ Pólì tó ń múra ìdánwò, ẹ ó bá ọlọ́kadà tó ń ka ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kí èrò tó dé, ẹ ó bá Àṣàkẹ́ télọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nítòsí, tó wá yá ìwé ìfẹ́, tó ní àbúrò òun ló rán òun.

Lábẹ́ Àjọ Ohun Iyebíye Ìlú ni yàrá náà wà. Lẹ́tà tí Alhaji kọ sí Tíṣà kò gùn: "Láàrin ọjọ́ mọ́kànlélógún, kí ẹ kó bébà yín kúrò, kí Bútà lè ráyè mí."

Tíṣà Àdìkẹ́ ti pé ẹni àádọ́rin ọdún ó lé méjì. Ó wé gèlè rẹ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó lọ sí ọ́fíìsì.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ìwé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ibo ni kí n kó wọn sí?"

"Tíṣà, ẹ ò tíì kí bútà."

Tíṣà yíjú, ó kí bútà. Òǹkọ̀wé ni Tíṣà, ó ti kọ ìwé ìtàn mẹ́rin, òǹkọ̀wé kì í sì í kí nǹkan láìwò ó. Ó wo ìdí bútà, ó wo ìdérí rẹ̀, ó wo imú gígùn tó yẹ kí omi máa gbà jáde. Ó tún wo imú náà lẹ́ẹ̀kejì. Ojú rẹ̀ ṣí díẹ̀, ó sì kọjú padà sí Alhaji.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìwé kẹrin," Alhaji wí, "mo sì mọ̀ pé ẹ máa ń kọ ìtàn. Ẹ kọ ìwé kan fún bútà yìí, ìwé ìyìn. Kí ẹni tó bá kà á mọ irú bútà tó jẹ́, kí ó mọ irú ẹni tó ni ín. Bó bá dùn mọ́ mi nínú, a lè wá yàrá mìíràn fún bútà."

"Kí ẹni tó bá kà á mọ irú bútà tó jẹ́?"

"Àti irú ẹni tó ni ín."

"Irú ẹni tó ni ín!" ni Abdulwasiu wí láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Mo gbọ́, Alhaji," ni Tíṣà dáhùn. "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni n ó ṣe."

Òótọ́ ni pé Tíṣà kọ́ Jàmíù ní ìwé kẹrin. Ọmọ náà mọ ìṣirò, ó mọ orin, ó tiẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù. Ohun kan ṣoṣo tí kò mọ̀ ni àyọkà, èyí tí wọ́n máa ń kà tí wọ́n á sì dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀. Bí àyọkà bá ní, "Ìjàpá, ọ̀gá àwọn ọlọgbọ́n, gbé agbè kọ́ àyà, ó sì fẹ́ fi gun ọ̀pẹ," tí wọ́n wá bi í pé ṣé Ìjàpá gbọ́n, Jàmíù á kọ ọ́ gàdàgbà pé, "Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀." Òdo ló máa ń gbà. Tíṣà fi bíró pupa kọ òdo títí ọdún fi parí.

Lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé náà, Àṣàkẹ́ télọ̀ bá a nídìí tábìlì.

"Màmá Tíṣà, wọ́n ní ẹ fẹ́ yin bútà yẹn. Irọ́ ni, àbí?"

"Òótọ́ ni. N ó yìn ín dé ibi tí ìyìn gbé ń parí."

"Bútà ẹni tó fẹ́ lé yín jáde? Ẹ ò ṣe kúkú bú u kí ọkàn yín balẹ̀?"

"Gbọ́ mi, Àṣàkẹ́. Bí o bá bú ohun tí ènìyàn gbé gẹ̀gẹ̀, á bá ẹ jà. Bí o bá sọ pé kò níye lórí, á ní ìlara ló ń dà ẹ́ láàmú. Ọ̀nà tí àwa tó ń kọ ìtàn ń gbà yàtọ̀. Ṣe la ó máa yin nǹkan náà sí i. A ó yìn ín fún gbogbo ohun tí kò lè ṣe. Ẹni tó bá létí á gbọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀ ìyìn yẹn."

"Bí Alhaji náà bá wá gbọ́ ọ ńkọ́?"

"Ìyẹn ni mò ń wá. Bó bá gbọ́, ojú á tì í, á fi yàrá mi sílẹ̀. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí."

"Bí ò bá wá gbọ́ ọ?"

Tíṣà gbé bíró sílẹ̀. "Ìyẹn ni mi ò tíì rò," ó ní.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi kọ ọ́. Ojú ìwé méjìlá ni. Ẹ jẹ́ kí n ka díẹ̀ fún yín nínú rẹ̀, kí ẹ lè fúnra yín ṣe ìdájọ́.

"Bútà yìí kò dà bí àwọn bútà tálákà tó ń fi gbogbo ọjọ́ bomi kiri. Láti ọjọ́ tó ti dé Ọ̀fà, kò bomi fún ẹnì kankan rí. Ẹ wo irú ìfarabalẹ̀! Imú rẹ̀ gùn ju ti gbogbo bútà lọ, kò sì sí ihò kankan lórí rẹ̀, nítorí ohun tó níyì kì í jẹ́ kí tinú rẹ̀ bọ́ sóde. Níbi tí irú èyí bá wà, kí ni bútà oníke tún ń wá? Oníke tí kò mọ̀ ju kí ó fún arúgbó lómi lọ! Kí ẹ̀rọ omi pàápàá panu mọ́, kí ariwo rẹ̀ má baà jí bútà lójú oorun."

Ní ojú ìwé tó kẹ́yìn, ó kọ báyìí: "Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ọ̀gá tí a ní, kí ó ṣí ìdérí bútà, kí ó wo inú rẹ̀ dáadáa. Ohun tó bá rí níbẹ̀ ni ọgbọ́n tí wọ́n fi ń darí wa."

Abdulwasiu ló ka ìwé náà sókè fún Alhaji níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, nítorí Alhaji kì í ka nǹkan fúnra rẹ̀. Ó ní kíkà ń mú ojú èèyàn ńlá rẹ̀wẹ̀sì. Bí Abdulwasiu ti dé ibi imú tí kò níhò, obìnrin tó ń gbá ọ́fíìsì sáré jáde, ó lọ dúró sẹ́yìn táǹkì, ó fi aṣọ di ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Akọ̀wé kan bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, kò sì lè dá ikọ́ náà dúró. Abdulwasiu fúnra rẹ̀, ní ojú ìwé tó kẹ́yìn, ohùn rẹ̀ lọ́ sọ́rùn, ó ní eruku ni.

Alhaji Jàmíù ní tirẹ̀ ń sunkún. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ gan-an.

"Inú bútà!" ó ní. "Ẹ gbọ́ ohun tí Tíṣà sọ? Wọ́n fi ọgbọ́n mi wé inú bútà! Ta ni wọ́n tíì sọ irú rẹ̀ fún ní Ọ̀fà yìí rí?"

"Kò sí," ni Abdulwasiu wí, òótọ́ ló sì sọ lọ́jọ́ náà.

Kí n tó máa bá a lọ, ẹ rántí ìbéèrè Àṣàkẹ́. Ohun tí Tíṣà kò rò náà ló ṣẹlẹ̀. Alhaji ní kí wọ́n tẹ ẹgbẹ̀rún kan ìwé náà, kí wọ́n pín in kárí, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọ̀gá tó wà ní Ìlọrin. Lẹ́yìn náà ó ní ọ̀rọ̀ ìwé kì í ṣe fún kíkà lásán, kí wọ́n máa mú un ṣe. Wọ́n kó gbogbo bútà oníke tó wà lábẹ́ Àjọ, ti mọ́sálásí ọ́fíìsì pẹ̀lú, wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀, wọ́n lọ kó wọn fún àwọn ará Ẹ̀rìn-Ilé, aládùúgbò wa tí a jọ ń ja ìjà ilẹ̀. Àwọn ará Ẹ̀rìn-Ilé dúpẹ́. Nǹkan àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí tí Ọ̀fà àti Ẹ̀rìn-Ilé fohùn ṣọ̀kan lé lórí láti ìgbà tí mo ti dáyé. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi àgádágodo ti gbogbo ẹ̀rọ omi tó wà lábẹ́ Àjọ kí wọ́n má baà pariwo. Àwọn obìnrin tó ń pọnmi níwájú ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn dé ìsàlẹ̀ odò. Wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ẹ wá bá Alhaji sọ ọ́, bí ẹ bá ti kí bútà tán.

Ìwé náà wọ inú ìlú. Wọ́n ń kà á sínú fóònù, wọ́n ń fi ohùn ránṣẹ́ síra wọn lórí Wásáàpù. Bí ọkọ̀ Alhaji bá ń kọjá, àwọn ọlọ́kadà á na ọwọ́ sókè, wọ́n á pariwo pé, "Inú Bútà!" Alhaji á sọ gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀, á juwọ́ sí wọn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ọkọ̀ náà, lẹ́yìn àti níwájú.

Tíṣà Àdìkẹ́ padà lọ bá a nítorí yàrá.

"Ha, Tíṣà!" Alhaji wí. "Ìwé yín dùn débi pé mo wá rí i pé yàrá yẹn kéré fún irú bútà tí ẹ ṣàpèjúwe. N ó gba àgbàlá rẹ̀ mọ́ ọn. Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè la ó ṣí i. Alhaji Àlàbí, ọ̀gá àgbà wa láti Ìlọrin, ń bọ̀ wá ṣí i fúnra wọn. Wọ́n ní ìwé yẹn ló mú wọn fẹ́ rí mi. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n sọ mí di ọ̀gá gbogbo ìpínlẹ̀."

Tíṣà dé ilé, ó jókòó sáàrin ìwé rẹ̀, ó sunkún. Ìbànújẹ́ ni, kì í ṣe àwàdà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ohun tó gba yàrá lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Àṣàkẹ́ bá a di àwọn ìwé náà sínú páálí, wọ́n tò wọ́n síta lábẹ́ igi máńgòrò. Bútà oníke kan tó kù ní yàrá náà, aláwọ̀ ewé, tí ọkọ rẹ̀ ti fi okùn so ọwọ́ rẹ̀ tó kán, Tíṣà fi í pamọ́ sínú páálí kan pẹ̀lú àwọn ìwé. Ó ní wọn kò ní í kó ìyẹn lọ sí Ẹ̀rìn-Ilé.

Ọjọ́ Tọ́sìdeè pé. Wọ́n gbé bútà wúrà wá nínú ọkọ̀ tirẹ̀, wọ́n dì í ní bẹ́líìtì. Alhaji Àlàbí dé nígbà tí oòrùn fẹ́ẹ̀ dé àárín orí, arúgbó kan tó wọ agbádá funfun báláú, ìwé Tíṣà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ti rí Alhaji Jàmíù ló bú sẹ́rìn-ín, ó gbá a mọ́ra.

"Jàmíù! O ò ní í pa mí! Láti Ìlọrin ni mo ti ń ka ìwé yìí. Dírẹ́bà ní láti dúró kí n lè rẹ́rìn-ín tán."

Alhaji Jàmíù rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò mọ ohun tó pa bàbá lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀gá ni, ó sì bá a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó dìde láti sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ ti òní tí í ṣe òní, ó dé orí àná tí kì í ṣe òní, ó fẹ́ máa bọ́ sí ọ̀la, ni ládánì mọ́sálásí ìtòsí bá pe ìrun Àílà.

"Ẹ fún mi ní bútà," ni Alhaji Àlàbí wí.

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: bí àgbà bá jẹ́ àlejò rẹ, tí àsìkò ìrun sì tó, ìwọ onílé ni ó gbé bútà, tí ó da omi sí i lọ́wọ́. Kò sí ilé kan ní Ọ̀fà, bó ti wù kó tálákà tó, tí wọn kì í ṣe é. Abdulwasiu wo òréré. Bútà kankan kò sí. Ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó bá àgádágodo, ọ́fíìsì ni kọ́kọ́rọ́ sì wà. Àṣàkẹ́ na píọ̀ wọ́tà méjì sí bàbá.

"Èyí náà tó," bàbá wí. "Ẹ já a fún mi."

"Ó tì o, Daddy!" Alhaji Jàmíù pariwo. "Àlejò bíi tiyín? Píọ̀ wọ́tà? Ẹ gbé bútà mi wá!"

"Bútà mi wá!" ni Abdulwasiu wí.

Wọ́n ṣí gíláàsì, wọ́n já píọ̀ wọ́tà sínú bútà, wọ́n dé e. Bàbá Àlàbí ká apá agbádá sókè, ó wá fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Dúró ná, Jàmíù. Ṣé wúrà ni lóòótọ́? Bó bá jẹ́ wúrà, o mọ̀ pé kò tọ́ ká fi ṣe àlùwàlá."

Ọ̀gá Àjọ Ohun Iyebíye wo bútà, ó wo bàbá, ó wo ọ̀nà Ìlọrin níbi tí ipò ńlá ti ń dúró dè é.

"Daddy," ó ní, "kò... kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ wúrà."

"Kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ wúrà!" ni Abdulwasiu tún un sọ kí gbogbo èrò lè gbọ́, nítorí ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.

Bàbá na ọwọ́. Alhaji tẹ bútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Omi kò jáde. Ó tẹ̀ ẹ́ sí i. Kò jáde. Ó gbọ̀n ọ́n. Bàbá tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì di bútà mú láti ràn án lọ́wọ́. Alhaji tẹ̀ ẹ́ dé òpin, ìdérí ré, gbogbo omi sì dà sára agbádá funfun láti àyà dé orúnkún. Nígbà tí bàbá gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ọwọ́ náà ti di wúrà. Ibi tó ti dì mú lára bútà ti di àwọ̀ agolo.

Àwọn ènìyàn di ẹnu mú. Bàbá Àlàbí wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo aṣọ rẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ìjókòó.

"Òótọ́ ni wọ́n kọ ṣá! Kò níhò lóòótọ́! Jàmíù, mo rò pé ìtàn lásán ni. Nígbà tí mo ka ìwé yìí, mo ní ẹ wo ọ̀gá tó ní kí wọ́n kọ ìwé fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, tó tún fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Mo ní irú onírẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká gbé sókè. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn."

"Yẹ̀yẹ́ kẹ̀, Daddy? Ìwé ìyìn ni."

Ẹ̀rín kúrò lójú bàbá. Ó wo Jàmíù bí dókítà ṣe ń wo aláìsàn.

"Ìyìn? Ibi tí wọ́n ti ní ká wo inú bútà ńkọ́?"

"Ọgbọ́n mi ni wọ́n fi wé e."

"Gbé bútà yẹn. Wo inú rẹ̀. Kí lo rí?"

Alhaji Jàmíù gbé bútà, ó wo inú rẹ̀. Ó pẹ́ tó ń wò ó. Kò sẹ́ni tó húkọ́, Abdulwasiu pàápàá kò tún nǹkan kan sọ. Ọ̀rọ̀ tí ọlọ́kadà ti ń pariwo, tí a ti kọ sára ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn àti níwájú, ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Ó yíjú wo Tíṣà Àdìkẹ́. Tíṣà ti ṣí páálí kan, ó ti mú bútà aláwọ̀ ewé jáde, ó ti bu omi tí Àṣàkẹ́ gbé wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sínú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ń da omi sí bàbá lọ́wọ́, omi sì ń jáde.

"Ìyá, kí lẹ kó síta báyìí?" bàbá bi í nígbà tó fọ ẹsẹ̀ tán.

"Ìwé ni, sà. Ìwé tí èrò gbàgbé sínú ọkọ̀ ojú irin."

"Ẹ kó wọn padà sínú ilé," ni bàbá wí, ó sì lọ kírun pẹ̀lú aṣọ tútù.

Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́tà dé láti Ìlọrin. Wọ́n yọ Alhaji Jàmíù kúrò lórí Àjọ, wọ́n fi í sí ẹ̀ka tó ń rí sí ẹ̀rọ omi ìgboro. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn fún un ni kí ó máa ṣí àgádágodo. Abdulwasiu kò bá a lọ. Ọ̀gá tuntun ti dé, ó sì ń tún ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Jàmíù wọ yàrá ìwé. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó ń wá ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ kí. Ó kí Tíṣà. Ó ní òun fẹ́ ka ìwé ọ̀hún, nítorí òun kò kà á rí. Tíṣà fún un ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ń kà, ó ń fi ìka tọ ìlà, ètè rẹ̀ ń mì. Ojú rẹ̀ le ní ojú ìwé kìn-ín-ní, ó pọ́n ní ìkejì. Nígbà tó dé ibi imú tí kò níhò, nǹkan kan ta á nínú. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó gbìyànjú láti mú un mọ́ra, kò ṣeé ṣe, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ Pólì fi gbójú sókè.

"Tíṣà," ó ní, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, "ẹ mà bú mi o!"

Tíṣà Àdìkẹ́ wá bíró pupa rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀, ó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ mẹ́wàá nínú mẹ́wàá sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ládánì pe ìrun. Jàmíù dìde, ó gbé bútà aláwọ̀ ewé lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó pọn ọ́n kún. Ó padà wá, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú Tíṣà rẹ̀, ó ní, "Ẹ na ọwọ́, mà," ó sì da omi sí i.